Ìran Ọ̀run Àtijọ́ Nínú Orin àti Iṣẹ́ Ọnà Òde Òní

Láàárín nǹkan bí ọdún 500 sí 1500, irú ìtàn kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn Kristẹni ilẹ̀ Yúróòpù. Àìsàn á kọlu ẹnìkan, á dákú bí ẹni tó ti kú, àwọn ẹbí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ìsìnkú mọ́. Nígbà tó bá yá, onítọ̀hún á lajú, á ní òun ti dé ọ̀run, pé áńgẹ́lì tàbí ẹni mímọ́ kan ló mú òun káàkiri ibẹ̀. Á sọ ibi tí iná ti ń jó, ibi tí òtútù ti ń pani, àwọn tó bá níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n ṣe láyé tó gbé wọn débẹ̀. Àlùfáà tàbí mọ́ǹkì kan á wá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní èdè Látìn kí wọ́n lè máa kà á fún ìjọ.

Ọ̀pọ̀ nínú àwòrán ọ̀run rere àti ọ̀run àpáàdì tí ayé òde òní mọ̀ ti inú àwọn ìran wọ̀nyí wá. Wọ́n wà nínú orin ọkẹ́sítírà, nínú báálẹ́ẹ̀tì, nínú sinimá, lára ère, lójú àwo orin àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta gìtá, àti nínú iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ọmọ Áfíríkà. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ilé ẹjọ́ ni wọ́n, ilé ẹjọ́ tí owó, oyè àti agbára kò ti lè gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Sànmánì kọ̀ọ̀kan ló sì ń kó àwọn olùjẹ́jọ́ tirẹ̀ wá síbẹ̀.

Àwọn tó lọ tí wọ́n sì bọ̀

Póòpù Gregory Kìíní wà lára àwọn tó tètè kọ irú ìtàn yìí sílẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Dialogi, tó kọ ní nǹkan bí ọdún 593, ó sọ nípa ọmọ ogun kan ní Róòmù tí àjàkálẹ̀ àrùn pa, tó sì jí padà. Ọmọ ogun náà ní òun rí afárá kan lórí odò dúdú tó ń rùn. Olódodo á gba orí rẹ̀ kọjá sí pápá tútù tí òdòdó kún. Ẹlẹ́ṣẹ̀ á yọ̀, á já sínú odò. Láti ìgbà náà ni afárá kì í ti í wọ́n nínú ìran ọ̀run.

Bede, mọ́ǹkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó parí ìwé ìtàn ìjọ rẹ̀ ní 731, sọ ti Dryhthelm, baálé ilé kan ní Northumbria. Ọkùnrin yìí kú ní ìrọ̀lẹ́, ó jí ní òwúrọ̀. Gbogbo àwọn tó jókòó ti òkú ló fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àfi ìyàwó rẹ̀ nìkan. Dryhthelm ní òun rí àfonífojì kan tí iná ń jó ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí yìnyín sì ń já lu ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ooru bá ti mú àwọn ọkàn tó wà níbẹ̀ jù, wọ́n á fò sínú òtútù. Bí òtútù bá mú wọn, wọ́n á tún fò padà sínú iná, wọn ò rí ìsinmi níbì kankan. Lẹ́yìn tó jí, ó pín dúkìá rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan fún ìyàwó, ìdá kan fún àwọn ọmọ, ìdá kẹta fún àwọn aláìní. Ó wá wọ ilé àwọn mọ́ǹkì ní Melrose. Nígbà òtútù, a máa dúró nínú odò tí omi dídì ń léfòó yí i ká láti gbàdúrà. Bí àwọn èèyàn bá yà sí bí ó ṣe ń fara da òtútù náà, èsì rẹ̀ ni pé òun ti rí òtútù tó ju èyí lọ.

Èyí tó tàn kálẹ̀ jù nínú wọn ni ìran Tundale. Mọ́ǹkì kan tó ń jẹ́ Marcus ló kọ ọ́ ní Regensburg, nílẹ̀ Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1149, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èdè Yúróòpù. Jagunjagun ẹlẹ́ṣin ọmọ Írẹ́láńdì ni Tundale. Ó lọ sin gbèsè ẹṣin mẹ́ta ní ìlú Cork, ó sì ṣubú lulẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ó wà nílẹ̀ bí òkú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ooru díẹ̀ tó ṣẹ́ kù láyà rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n sin ín. Lọ́run, wọ́n ní kó fa màlúù kan tó ń ta kìjí kọjá lórí afárá tóóró tí wọ́n to ìṣó sí lójú, nítorí pé ó jí màlúù ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tó wà láyé. Bó ṣe dé àárín afárá, ó pàdé ẹni tó ru ìtí ọkà bọ̀ láti òdìkejì, ọ̀nà ò sì gba ẹni méjì. Ní 1475, Margaret ti York, aya Dúúkù Burgundy, gba ẹ̀dà ìtàn yìí ní èdè Faransé. Simon Marmion ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó ya àwọn àwòrán inú rẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Getty ní Los Angeles ni ìwé náà sì wà lónìí.

Ní 1206, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Thurkill, ará Essex, ní òun rí gbọ̀ngàn eré kan ní ọ̀run àpáàdì. Àwọn ẹ̀mí burúkú jókòó yí ká bí òǹwòran. Wọ́n á mú ẹlẹ́ṣẹ̀ jáde síwájú, wọ́n á ní kó fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣeré bó ṣe ń dá a láyé. Amòfin tó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, ó ń gbé owó gbígbóná mì, ó ń pọ̀ ọ́, ó sì tún ń gbé e mì. Jagunjagun tó fi agbára gba dúkìá aláìlágbára náà wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ ló rí ìran yìí, àwọn tó sì rí nínú gbọ̀ngàn náà ni irú àwọn tí àgbẹ̀ kò lè pè lẹ́jọ́ láyé.

Gbogbo ìtàn wọ̀nyí ló ní ìlànà kan náà. Ọ̀run ní ojú ilẹ̀ tí èèyàn lè rìn: odò, afárá, àfonífojì, òkè àti odi. Ìjìyà bá ẹ̀ṣẹ̀ mu. Ẹni tó rí i gbọ́dọ̀ padà wá sọ fún àwọn alààyè kí wọ́n lè tún ìwà ṣe. Láàárín ọ̀rúndún kejìlá, èrò nípa Pọ́gátórì, ibi tí a ti ń fọ ọkàn mọ́ kó tó dé ọ̀run rere, fẹsẹ̀ múlẹ̀, àpérò ńlá ìjọ ní Lyon sì fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀kọ́ náà ní 1274. Ọ̀run wá di ẹ̀ka mẹ́ta. Àwọn Yorùbá ní ohun gbogbo tí a bá ṣe láyé la ó kúnlẹ̀ rò lọ́run. Èrò yìí gan-an ló gbé àwọn ìran náà ró, àfi pé wọ́n ya àwòrán ibi ìkúnlẹ̀ náà yàrá kan lẹ́yìn òmíràn.

Mìráàjì àti ìwé àkàbà

Àwọn Mùsùlùmí náà ní ìtàn ìrìnàjò ọ̀run tiwọn, ó sì lágbára gan-an. Ìtàn Mìráàjì, bí Ànábì Muhammad ṣe gòkè láti ọ̀run kan dé òmíràn lóru ọjọ́ kan, bí ọ̀pọ̀ ìwé ní èdè Lárúbáwá, Páṣíà àti Tọ́kì. Ní Spéìn, níbi tí Mùsùlùmí, Júù àti Kristẹni ti gbé pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, wọ́n túmọ̀ ọ̀kan nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí Látìn ní 1264, ní àgbàlá Ọba Alfonso Kẹwàá. Ìwé Àkàbà ni wọ́n ń pè é.

Ní 1919, Miguel Asín Palacios, àlùfáà Kátólíìkì tó mọ èdè Lárúbáwá dáadáa, gbé ìwé kan jáde tó fi sọ pé akéwì Dante jẹ gbèsè ńlá lọ́wọ́ àwọn ìtàn Ìsìláàmù. Àríyànjiyàn lórí èyí kò tíì tán láàárín àwọn onímọ̀. Ohun tó hàn gbangba ni pé Dante mọ àwọn ọlọ́gbọ́n Mùsùlùmí, ó sì bọ̀wọ̀ fún wọn: ó fi Ibn Sina, Ibn Rushd àti Saladin sí apá tí kò sí ìyà nínú ọ̀run àpáàdì rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì àtijọ́.

Dante

Ní Florence, nílẹ̀ Ítálì, ni wọ́n bí Dante Alighieri ní 1265. Ó bá àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ìlú rẹ̀ ṣe, ó sì di ọ̀kan lára àwọn aláṣẹ ìlú. Ní 1302, àwọn ọ̀tá rẹ̀ gba ìjọba. Wọ́n fẹ̀sùn jìbìtì kàn án, wọ́n lé e kúrò nílùú, wọ́n sì dájọ́ pé bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sun ún níná. Kò padà sí Florence mọ́ títí tó fi kú ní Ravenna ní 1321. Ẹni tí ilé ẹjọ́ ayé dá lẹ́bi yìí wá fi ewì dá ilé ẹjọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Àwáàdà Mímọ́ rẹ̀, tí ayé ń pè ní Commedia, ní orí 100 àti ìlà 14,233. Ọ̀run àpáàdì, Pọ́gátórì àti ọ̀run rere ni ìpín rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ohun tí àwọn ìran ìṣáájú ṣe bí abúlé, Dante ṣe é bí ìlú ńlá tí wọ́n wọn ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀run àpáàdì rẹ̀ jẹ́ kòtò tó ní òbírí mẹ́sàn-án. Bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ṣe wúwo tó ni ẹlẹ́ṣẹ̀ ṣe ń jìn sísàlẹ̀ sí. Ìsàlẹ̀ pátápátá kì í ṣe iná, yìnyín ni. Ibẹ̀ ni Sàtánì há sí, tó ń jẹ àwọn ọ̀dàlẹ̀ lẹ́nu. Dante dárúkọ àwọn èèyàn. Póòpù Nicholas Kẹta wà nínú ihò tí wọ́n rì í sí tòun torí, iná ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí pé ó ta ipò ìjọ. Ó sì ń retí Póòpù Boniface Kẹjọ, tó ṣì wà láyé ní àkókò tí ìtàn náà ṣẹlẹ̀, láti wá rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń yáni lówó èlé wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpò owó lọ́rùn wọn.

Dante tún fi ìró ya àwọn ibi mẹ́ta náà sọ́tọ̀. Ní ọ̀run àpáàdì, igbe, ìkérora àti ariwo ni àlejò ń gbọ́. Kò sí orin. Ní Pọ́gátórì, àwọn ọkàn ń kọ Sáàmù pọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Casella tó jẹ́ akọrin sì kọ ewì Dante fúnra rẹ̀ létíkun. Ní ọ̀run rere, orin àti ijó ìmọ́lẹ̀ ló gba gbogbo ibẹ̀. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ní èrò yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1151, Hildegard ti Bingen, ìyá àgbà ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin nílẹ̀ Jámánì, tó máa ń rí ìran, tó sì ń kọ orin, ṣe eré olórin kan lórí ìjà tó wà nídìí ọkàn èèyàn. Gbogbo ẹni inú eré náà ló ń kọrin àfi Èṣù nìkan. Ariwo ló ń pa, nítorí pé orin kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ògiri, pákó àti ohùn ìsìnkú

Àwọn tí kò mọ̀wé rí ìran ọ̀run lára ògiri ìjọ. Ní Padua, Giotto parí àwòrán Ìdájọ́ Ìkẹyìn ní nǹkan bí 1305 nínú ilé àdúrà tí Enrico Scrovegni kọ́. Bàbá Enrico wà lára àwọn ayánilówó èlé tí Dante sọ sí ọ̀run àpáàdì. Giotto ya Enrico sí apá àwọn olódodo nínú àwòrán náà, ó gbé ilé àdúrà lọ́wọ́, ó ń fi í tọrọ àforíjì.

Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1347 sí 1351 pa, ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn èèyàn Yúróòpù, àwòrán mìíràn gbòde: ijó òkú. Wọ́n ya ọ̀kan tó lókìkí sí ara ògiri itẹ́ òkú Innocents ní Paris ní 1424 sí 1425. Òkú kan á di èèyàn kan lọ́wọ́ mú, á fà á wọ agbo ijó: Póòpù ṣáájú, ọba tẹ̀ lé e, títí dé orí oníṣòwò, àgbẹ̀ àti ọmọ ọwọ́. Ní Lübeck, Bernt Notke ṣe irú rẹ̀ ní 1463 nínú ìjọ Màríà Mímọ́. Àdó olóró ọdún 1942 sun ẹ̀dà rẹ̀ tó wà níbẹ̀ níná; ìpín kan nínú ijó òkú mìíràn tí Notke ṣe ṣì wà ní Tallinn.

Ní nǹkan bí ọdún 1490 sí 1500, Hieronymus Bosch, ọmọ Nẹ́dáláńdì, ya Ọgbà Ìgbádùn sórí pákó mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀. Pákó apá ọ̀tún ni ọ̀run àpáàdì, ohun èlò orin sì ni irinṣẹ́ ìyà ibẹ̀. Wọ́n kan ẹnìkan mọ́ okùn háàpù, wọ́n ti ẹlòmíràn mọ́ inú ìlù, wọ́n sì kọ àmì orin sí ìdí ẹnìkan. Èrò Hildegard àti Dante tún padà wá níhìn-ín, ṣùgbọ́n ó yí padà: ní ọ̀run àpáàdì, orin fúnra rẹ̀ di oró. Mùsíọ́ọ̀mù Prado ní Madrid ni iṣẹ́ náà wà.

Fún etí, ohun tó lágbára jù tí sànmánì yẹn fi sílẹ̀ ni Dies irae, orin Ọjọ́ Ìbínú. Orin Látìn ni, láti ọ̀rúndún kẹtàlá, àwọn èèyàn sì máa ń sọ pé Thomas ti Celano, ọmọlẹ́yìn Francis Mímọ́, ló kọ ọ́. Ó sọ bí fèrè ṣe máa pe òkú jáde, bí wọ́n ṣe máa ṣí ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ìwà sí, tí ohunkóhun ò sì ní fara sin. Àwọn ìjọ kọ ọ́ níbi ìsìn òkú fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, kó tó di pé ìjọ Kátólíìkì yọ ọ́ kúrò nínú ètò náà nígbà àtúnṣe tó tẹ̀ lé Àpérò Vatican Kejì. Ìró mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ ti di ohun tí olórin fi ń sọ pé ikú ti dé.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún

Àwọn olórin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló gbé ìró yìí jáde kúrò nínú ìjọ. Ní 1830, Hector Berlioz fi Dies irae sí ìpín karùn-ún orin ọkẹ́sítírà rẹ̀ tó ń jẹ́ Symphonie fantastique, pẹ̀lú aago àti fèrè olóhùn jíjìn. Franz Liszt kọ Totentanz, Ijó Òkú, fún dùùrù àti ọkẹ́sítírà. Ní 1857, wọ́n kọ́kọ́ ṣe Orin Dante rẹ̀ ní Dresden. Richard Wagner ti kìlọ̀ fún un pé kò sí èèyàn tó lè fi orin ya ọ̀run rere, Liszt sì fi ohùn àwọn obìnrin tó ń kọ orin Màríà parí rẹ̀ lẹ́yìn Pọ́gátórì. Ní 1874, Camille Saint-Saëns fi ohun èlò onípákó tí a ń fi ọ̀pá lù gbé ìró egungun tó ń jó jáde.

Àwọn ayàwòrán náà kò sùn. William Blake ya àwòrán 102 lórí iṣẹ́ Dante láàárín 1824 àti ọdún tó kú, 1827. Gustave Doré gbé ọ̀run àpáàdì tirẹ̀ jáde ní 1861, àwọn àwòrán rẹ̀ sì wọ inú ìwé kárí ayé. Ní 1880, ìjọba Faransé ní kí Auguste Rodin ṣe ilẹ̀kùn idẹ fún mùsíọ́ọ̀mù kan. Wọn ò kọ́ mùsíọ́ọ̀mù náà, ṣùgbọ́n Rodin kò fi Ilẹ̀kùn Ọ̀run Àpáàdì sílẹ̀ títí tó fi kú ní 1917. Ère Onírònú tí gbogbo ayé mọ̀ bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Dante tó jókòó sókè ilẹ̀kùn náà, tó ń wo àwọn ẹlẹ́bi nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn ogun

Ogun Àgbáyé Kejì yí ọ̀rọ̀ padà. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìdí láti wá àpẹẹrẹ ọ̀run àpáàdì lọ sí ibòmíràn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, ọdún 1962, wọ́n ṣe War Requiem ti Benjamin Britten ní Coventry, nínú kàtídírà tuntun tí wọ́n kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí àdó olóró wó ní 1940. Britten fi ewì Wilfred Owen, ọmọ ogun tó kú ní 1918, há àárín ọ̀rọ̀ Látìn ìsìn òkú. Bí àwọn ẹgbẹ́ akọrin bá ti kọ Ọjọ́ Ìbínú tán, ọmọ ogun á dìde sọ ohun tó rí lójú ogun. Ní ìparí, ọmọ ogun méjì tí wọ́n bá ara wọn jà pàdé nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ikú. Ìrìnàjò Dante ni wọ́n rìn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mú wọn kiri, àwọn tó dá ogun sílẹ̀ sì ni olùjẹ́jọ́. Britten kọ ọ̀rọ̀ Owen síwájú ìwé orin náà pé ìkìlọ̀ ni iṣẹ́ akéwì.

György Ligeti, ọmọ Júù láti ilẹ̀ Họ́ńgárì, kọ Requiem tirẹ̀, wọ́n sì ṣe é ní Stockholm ní 1965. Bàbá àti àbúrò rẹ̀ kú sí àgọ́ ìfìyàjẹni àwọn Násì. Nínú ìpín Ọjọ́ Ìdájọ́, ohùn àwọn akọrin ń fò sókè sódò débi tí ó fi jọ igbe. Ohun tí Dante fi ewì sọ nípa ariwo ọ̀run àpáàdì di ohun tí etí ń gbọ́.

Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Robert Rauschenberg fi ọdún méjì àti ààbọ̀, láti 1958 sí 1960, ya àwòrán kan fún orí kọ̀ọ̀kan nínú orí 34 tí ọ̀run àpáàdì Dante ní. Ó máa ń fi kẹ́míkà rẹ àwòrán ìwé ìròyìn, á wá rẹ́ ẹ mọ́ bébà títí àwòrán náà á fi hàn bí òjìji. Dante rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kan tó ró táwẹ́lì mọ́dìí, tó gé jáde láti inú ìpolówó ọjà. Àwọn olóṣèlú ìgbà náà, John F. Kennedy àti Richard Nixon, wà nínú rẹ̀. Ohun tí Rauschenberg ṣe bá ti Dante mu gẹ́lẹ́: ó kó àwọn tí ìwé ìròyìn ń gbé kiri wọ inú ilé ẹjọ́ náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà òde òní ní New York, MoMA, ló ní wọn.

Bill Viola, tó gbé Florence ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, lo fídíò. Nantes Triptych rẹ̀ ti 1992 pín sí mẹ́ta bí pákó orí pẹpẹ àtijọ́: obìnrin tó ń rọbí lápá kan, ìyá Viola fúnra rẹ̀ tó ń kú lápá kejì, ọkùnrin kan tó ń léfòó nínú omi láàárín. Ní 2002, ó ṣe iṣẹ́ olójú márùn-ún fún ilé ìpàtẹ kan ní Berlin, ilé àdúrà Scrovegni sì ni àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ní 2014, wọ́n gbé fídíò rẹ̀ lórí àwọn ajẹ́rìíkú sí kàtídírà Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní London.

Thomas Adès, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, padà sí Lübeck. Totentanz rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní London ní 2013, lo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ ijó òkú Notke níbẹ̀. Akọrin ọkùnrin kan ni Ikú. Obìnrin kan ló kọ ohùn gbogbo àwọn yòókù, láti orí Póòpù dé orí ọmọ ọwọ́. Ní 2021, tó pé 700 ọdún tí Dante kú, Royal Ballet ṣe Dante, báálẹ́ẹ̀tì gígùn tí Adès kọ orin rẹ̀, tí Wayne McGregor kọ́ ijó rẹ̀. Nínú ìpín Pọ́gátórì, ohùn àdúrà àwọn Júù láti sínágọ́gù kan ní Jerúsálẹ́mù ló ń darí ọkẹ́sítírà. Ìpín ọ̀run rere náà wà, Adès sì tipa bẹ́ẹ̀ dé ibi tí Liszt ò dé. Ní 2024, ohùn tí ọkẹ́sítírà Los Angeles gbà sílẹ̀ gba àmì ẹ̀yẹ Grammy. Ṣáájú Adès, Louis Andriessen, ọmọ Nẹ́dáláńdì, ti ṣe ọpẹrà La Commedia pẹ̀lú fíìmù ní Amsterdam ní 2008.

Gìtá, àwo orin àti sinimá

Àwọn olórin gìtá líle tètè rí i pé àwọn ìran yìí bá iṣẹ́ wọn mu. Deep Purple lo Ọgbà Ìgbádùn Bosch sójú àwo orin wọn ní 1969, Celtic Frost lo apá ọ̀run àpáàdì rẹ̀ ní 1987. Sepultura, ẹgbẹ́ olórin láti Brasil, gbé Dante XXI jáde ní 2006. Ó tọ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Dante, nọ́ńbà orúkọ rẹ̀ sì tọ́ka sí ọ̀rúndún kọkànlélógún tí wọ́n ń dá lẹ́jọ́. Ní 2023, Hozier, akọrin ọmọ Írẹ́láńdì, to àwo orin rẹ̀ Unreal Unearth ní òbírí òbírí bí ọ̀run àpáàdì Dante.

Hildegard náà jí padà. Ní 1982, ẹgbẹ́ Gothic Voices gbé àwo orin rẹ̀ jáde, àwo náà sì tà ju bí ẹnikẹ́ni ṣe rò lọ. Ní 1989, ẹgbẹ́ The Beloved gé ohùn kan nínú rẹ̀ sínú orin ijó wọn, àwọn ọ̀dọ́ sì ń jó sí orin ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin ọ̀rúndún kejìlá. Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ fún gbogbo ìjọ ní 2012.

Nínú sinimá, Ingmar Bergman fi The Seventh Seal (1957) rọ́ ìtàn bí jagunjagun kan ṣe ń bá Ikú ta ayò. Àwòrán bẹ́ẹ̀ wà lára àjà ìjọ Täby ní Swídìn láti ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Dies irae ló bẹ̀rẹ̀ fíìmù The Shining ní 1980, ọ̀pọ̀ fíìmù mìíràn sì ń lo ìró mẹ́rin náà.

Láti Frankfurt dé Washington

Ní 2014, Simon Njami, alákòóso ìpàtẹ tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kamẹrúùnù, kó iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tó lé ní 40 láti ilẹ̀ Áfíríkà àti lẹ́yìn odi jọ sí mùsíọ́ọ̀mù MMK ní Frankfurt. Àwáàdà Mímọ́ ni orúkọ ìpàtẹ náà. Ó pín wọn sí ọ̀run rere, Pọ́gátórì àti ọ̀run àpáàdì, kì í sì í ṣe pé kí wọ́n ya àwòrán ìwé Dante. Ohun tó fẹ́ ni kí oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ojú tirẹ̀ wo ohun tó wà lẹ́yìn ikú, àti ẹ̀bi àti òdodo. Ìpàtẹ náà ti Frankfurt lọ sí Savannah ní Amẹ́ríkà, ó sì dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington ní 2015.

Wangechi Mutu ti Kẹ́ńyà wà nínú rẹ̀, Aïda Muluneh ti Etiópíà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀, The 99 Series. Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London ní 1962, tó dàgbà ní Èkó, wà lára wọn pẹ̀lú. Àwọn ère tí kò lórí, tó wọ aṣọ àwọn ọlọ́lá Yúróòpù àtijọ́ tí wọ́n fi aṣọ àǹkárá rán, ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Aṣọ yẹn gan-an rin ọ̀nà jíjìn: àwọn Dọ́ọ̀ṣì ló ń ṣe é ní àfarawé bátíìkì Indonéṣíà kí wọ́n tó máa tà á ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí irú iṣẹ́ báyìí bá wọ inú ilé ẹjọ́ Dante, àwọn tó jẹ ọrọ̀ amúnisìn lérè wà lára olùjẹ́jọ́, bí ayánilówó èlé ṣe wà nínú ti Dante àti bí jagunjagun afipágbà ṣe wà nínú ti Thurkill.

Ohun tó kù àti ohun tó yí padà

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà láti ìgbà Dryhthelm. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ òde òní kò gbà pé ọ̀run àpáàdì wà gẹ́gẹ́ bí ibìkan. Ẹni tó ń mú àlejò kiri, yálà áńgẹ́lì tàbí Virgil, akéwì tó mú Dante kiri, ti pòórá nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ọ̀run àpáàdì ni wọ́n sì sábà máa ń yà, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tó lórúkọ tó sì ní ìwà tí a lè sọ wà; Adès, Andriessen àti Njami wà lára àwọn díẹ̀ tó gbìyànjú láti rin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já.

Ìgbékalẹ̀ àtijọ́ ṣì dúró síbẹ̀. Ìjìyà ṣì ń bá ẹ̀ṣẹ̀ mu. Póòpù, ọba àti àgbẹ̀ ṣì wà nínú agbo ijó kan náà. Ariwo àti orin ṣì ń ya ègún sọ́tọ̀ kúrò lára ìbùkún. Iṣẹ́ tí àwọn tó kọ́kọ́ kọ ìran wọ̀nyí gbé lé wọn lọ́wọ́ kò sì yí padà. Dryhthelm pín dúkìá rẹ̀ lẹ́yìn tó jí, Tundale fi ìwà ipá sílẹ̀, Thurkill sọ ohun tó rí fún àwọn ará abúlé rẹ̀. Alààyè ni ìran ọ̀run wà fún, kì í ṣe òkú. Ìdí tí Britten fi gbé e lọ sí Coventry, tí Rauschenberg fi gbé e wọ inú ìwé ìròyìn, tí Njami fi gbé e lé ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà nìyẹn: kí àwọn tó ṣì ní àkókò lè gbọ́ ẹ̀sùn náà kí wọ́n tó dé iwájú adájọ́.